Káńsù fẹ́ kó gbogbo ìwé wa lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ni ká bi wọ́n nípàdé?

Akọ̀wé_Agric

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Èmi ni akọ̀wé CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò) wa lápá Agric níbí, Ìkòròdú. Káńsù wa (ẹ má bi mí pé èwo, mẹ́fà ló wà n'Ìkòròdú, ẹ ṣáà mú ọ̀kan níbẹ̀) ti pe gbogbo CDA sípàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n láwọn fẹ́ gbé sátífíkéètì ọmọ ìbílẹ̀, pámíìtì ṣọ́ọ̀bù àti owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní sí káàṣì mọ́, kò ní sí pé à ń lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì látàárọ̀ mọ́, ilé lẹ máa wà tẹ́ ẹ máa tẹ fóònù. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti ń jó. Àwọn ìyá ọjà ò jó o, ìyálọ́jà wa tiẹ̀ sọ pé ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ dé iwájú ìsọ̀ òun, òun máa wọn ata sí i lójú.

Èmi ò lòdì sí i ṣá. Mo mọ ìyà tó wà nídìí kéèyàn máa wá ìwé ní káńsù, ọmọ mi ọkùnrin ló ń wá sátífíkéètì yẹn báyìí fún iṣẹ́ kan. Àmọ́ mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọ́n á gbé purojẹ́kítọ̀ wá, wọ́n á fi àwòrán aláràbarà hàn wá, wọ́n á pín mínírà àti mítípáì, a ó pàtẹ́wọ́, ó parí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé tẹkinọ́lọ́jì dáa, mo mọ̀. Ìbéèrè tí alága ò ní lè fẹ̀rín dáhùn ni mo ń wá.

Ọmọ_Oríwu

Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún ìyálọ́jà pé kí wọ́n rántí Cowry, káàdì tá a fi ń sanwó bọ́ọ̀sì BRT. Ṣebí ariwo yìí kan náà la gbọ́ nígbà tí wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ nínú BRT, wọ́n ní àwọn ìyá wa ò ní mọ̀ ọ́n lò. Ẹ lọ sí tẹ́mínà n'Ìkòròdú níbí láàárọ̀ kùtù, ẹ wo ìyá tó ń lọ najà ní Mile 12, kò mọ ABD, á tú etí ìró ẹ̀, á yọ káàdì tó wé sínú ọ̀rá, á fi kan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á ké, ó ti wọlé nìyẹn. Kò sí ìjà ṣéńjì, kò sí "ẹ dúró kí n wá ọgọ́rùn-ún náírà". Láti 2015 tí BRT ti dé Ìkòròdú, kò sí nǹkan tó yí padà lójú tèmi tó ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e wá jàre, a ti pẹ́ jù lẹ́yìn.

Bàbá_Rẹ́jísírì

Ọmọ Oríwu, òótọ́ lo sọ, o kàn ò sọ ọ́ tán ni. Kí ló jẹ́ kí Cowry rọrùn fún ìyá yẹn? Káàdì ò bi í ní nǹkan kan ni. Kò ní kó mú ìmeèlì wá, kò ní kó ṣe páásìwọọ̀dù tó ní lẹ́tà ńlá àti nọ́ńbà nínú. Tí owó inú ẹ̀ bá sì tán, èèyàn ẹlẹ́ran ara wà tó máa gba náírà lọ́wọ́ ẹ̀ tó máa bá a kó o sí i. Nítorí náà, akọ̀wé, ìbéèrè àkọ́kọ́ rèé: tí káàṣì ò bá sí mọ́, ta ló máa jókòó ní káńsù tó máa bá ẹni tí ò ní fóònù ńlá ṣe tiẹ̀, ṣé ọ̀fẹ́ ló sì máa jẹ́?

Èmi ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, inú rẹ́jísírì ni mo dàgbà sí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí sátífíkéètì ọmọ ìbílẹ̀ ṣe ń rìn, torí ẹni tí ò mọ bó ṣe ń rìn lórí ìwé ò lè mọ ibi tó máa há sí nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ máa gba fọ́ọ̀mù, ẹ máa mú lẹ́tà wá látọ̀dọ̀ baálẹ̀ tàbí olórí ẹbí, ẹ máa mú fọ́tò pélébé dání, àwọn akáńtì á gbowó, wọ́n á já rìsíìtì fún yín, wọ́n á ṣí fáìlì, mẹ́sẹ́ńjà á gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, ọ̀gá á kọ nǹkan sí i lára á ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, á padà wá, wọ́n á kọ orúkọ yín àti nọ́ńbà sínú ìwé ńlá kan tí ọmọdé ò lè dá gbé, wọ́n á buwọ́ lù ú, wọ́n á tẹ èdìdì. Ibi tí fáìlì ti lè sọnù pọ̀ níbẹ̀, kò sì sí èyí tó ń dá sọnù. Ó máa ń sọnù títí olóhun á fi kí wa dáadáa ni.

Kọ̀ǹpútà lè wo ìyẹn sàn, mo gbà, torí ẹ máa lè rí i fúnra yín pé orí tábìlì lágbájá niṣẹ́ yín wà láti ọjọ́ báyìí. Ìwé ńlá yẹn wá ńkọ́? Gbogbo orúkọ tó ti wà nínú ẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, ta ló máa tẹ̀ wọ́n wọlé? Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n ra kọ̀ǹpútà, wọ́n gé rìbọ́nì, àwọn oníròyìn wá, ìwé ńlá sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ikán ń bá wa kà á. Tí iléeṣẹ́ kan bá kọ̀wé wá pé ṣé lóòótọ́ la fún ẹni báyìí ní sátífíkéètì ní 1998, inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn la tún ń lọ, orin làwọn ọmọ ọ́fíìsì ń fi kọ̀ǹpútà gbọ́. Ẹ bi wọ́n, kí wọ́n dáhùn kó tó di pé wọ́n gé rìbọ́nì.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ẹ rántí TSA, ètò àkáǹtì kan ṣoṣo tíjọba àpapọ̀ ṣe. Kí wọ́n tó gbé e dé kárí ní 2015, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àkáǹtì tiẹ̀ káàkiri báǹkì, kò sẹ́ni tó lè sọ iye tó wà níbẹ̀ lápapọ̀. Ìgbà tí wọ́n wá ní kí gbogbo ẹ̀ wọnú àkáǹtì kan ní Central Bank, tó di pé ẹ máa gba nọ́ńbà ìsanwó tí wọ́n ń pè ní RRR lórí pọ́tà Remita kẹ́ ẹ tó sanwó, ọ̀pọ̀ ọwọ́ tó wà láàárín ló ní láti kúrò níbẹ̀. Ibi tí owó ń bọ́ sí ló yí padà, ìyẹn gan-an niṣẹ́ yẹn, ẹ̀rọ kàn bá wọn gbé e ni. Nítorí náà ẹ béèrè: owó tá a bá san lórí pọ́tà yìí, àkáǹtì ta ló ń bọ́ sí tààrà, ti káńsù àbí ti kọnsọ́tàǹtì tó bá wọn ṣe pọ́tà? Èló ni kọnsọ́tàǹtì ń mú nínú ẹ̀, ọdún mélòó ni àdéhùn wọn? Látìgbà tí Supreme Court ti dájọ́ ní July 2024 pé kówó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, gbogbo alága ló ń sọ pé àwọn ti gbòmìnira. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fi ìwé àdéhùn hàn wá.

Nẹ́tíwọ̀kì_Ò_Sí

Tẹ́lẹ̀, "ọ̀gá ò sí lórí síìtì". Báyìí, "nẹ́tíwọ̀kì ò sí". Ọ̀gá ṣì lè ti ibi tó lọ dé o 😂

Káfẹ̀_Sábó

Ẹ̀yin àgbà, èmi ni mo ń ṣe káfẹ̀ ní Sábó, ẹ má bínú o, pọ́tà tíjọba bá gbé jáde loúnjẹ tèmi, JAMB, NIN, pásípọ́ọ̀tù, gbogbo ẹ̀. "Ilé lẹ máa wà tẹ́ ẹ máa tẹ fóònù" tí wọ́n ń sọ yẹn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń pè nílé. Kódà àwọn bọ̀dá tó máa ń dúró lẹ́nu géètì tí wọ́n ń bi yín pé "ṣé ìwé lẹ wá gbà", àwọn kan nínú wọn ti ń wá háyà kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ mi báyìí, iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣì ń gbà, wọ́n kàn fi owó dátà kún un ni.

Ohun tó sì ń dá àwọn èèyàn dúró jù lọ́dọ̀ tèmi, orúkọ ni. Màmá kan wá, NIN wọn ń jẹ́ Sherifat, sátífíkéètì ilé-ìwé wọn ń jẹ́ Sherifatu, BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báǹkì, fi orúkọ ilé ọkọ síbẹ̀, ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN jẹ́ January 1 torí ẹni tó forúkọ wọn sílẹ̀ nígbà yẹn ò ráyè jókòó kí wọ́n jọ rò ó, pọ́tà wá lóun ò mọ̀ wọ́n rí. Lórí ìwé, akọ̀wé á wojú wọn, á ní "màmá yìí náà ni", á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà ò mojú ẹnì kankan. Láti tún ọjọ́ ìbí ṣe lórí NIN, owó ńlá ni, ó ju ti orúkọ lọ fíìfíì, wọ́n á sì tún béèrè ìwé ìbí tàbí lẹ́tà attestation látọ̀dọ̀ Population Commission, ẹni tó wá gba pámíìtì ṣọ́ọ̀bù ata lásán nìyẹn o. Ẹ bi káńsù pé tí orúkọ ò bá dọ́gba, èèyàn wo níbẹ̀ ló láṣẹ láti wo ìwé méjèèjì kó sì sọ pé ó ti tó. Tí wọ́n bá ní "sọ́fítíwià á ṣe é", ẹ yáa gbé báàgì yín.

OTP tún wà níbẹ̀. Kódù á lọ sórí nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀, nọ́ńbà yẹn wà lọ́wọ́ ọmọ wọn l'Ọ́tà, ọmọ ò gbé fóònù, ìgbà tó máa fi pè wá padà kódù ti kú, a tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ páásìwọọ̀dù àwọn kọ́sítọ́mà mi sí, torí tí wọ́n bá padà wá wọn kì í rántí, ìmeèlì tí mo bá wọn ṣí náà wà níbẹ̀, ó ti nípọn gan-an.

Lọ́yà_Ebúté

Káfẹ̀, ìwé yẹn ò ní jẹ́ kí n sùn o. Orúkọ èèyàn, NIN, páásìwọọ̀dù, nínú dúrọ́ọ̀ tí mo mọ̀ pé kò ní kọ́kọ́rọ́. Òfin Nigeria Data Protection Act tí wọ́n buwọ́ lù ní June 2023 ti sọ pé ẹni tó bá ń kó àkọsílẹ̀ aráàlú jọ ló gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó, tó bá sì jò lọ́nà tó lè kó bá àwọn tó ni ín, wọ́n ní láti fi tó Kọmíṣọ̀n tó ń rí sí òfin náà létí láàárín wákàtí 72. Ó kan ìwọ, ó tún kan káńsù jù ẹ́ lọ. Akọ̀wé, ẹ bi wọ́n níbi tí sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, wà, ẹni tó lè ṣí i, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí kọnsọ́tàǹtì bá lọ. Mo ti ríbi tí alága tuntun dé, ó lé kọnsọ́tàǹtì àtijọ́, ọkùnrin náà kó gbogbo àkọsílẹ̀ dání lọ, káńsù bá tún bẹ̀rẹ̀ látorí òdo. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àwa la ni ín.

Ẹ má sì gbàgbé ọ̀rọ̀ orúkọ káńsù fúnra ẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà, 20 ni t'Èkó, Ìkòròdú wà níbẹ̀. LCDA, àwọn káńsù tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fúnra ẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2003, ò sí níbẹ̀. Ọmọ yín ọkùnrin tó ń wáṣẹ́ yẹn, tó bá ṣí fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀, tó tẹ "Lagos", orúkọ ogún yẹn ló máa rí. Tí pọ́tà káńsù bá wá tẹ sátífíkéètì jáde tó jẹ́ orúkọ LCDA nìkan ló wà lórí ẹ̀, ìwé ò ní bá fọ́ọ̀mù mu nìyẹn. Lórí ìwé, èèyàn lè lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ "Ikorodu Local Government" sí i. Ẹ bi wọ́n ohun tí pọ́tà máa kọ, kí wọ́n tẹ ọ̀kan jáde lójú yín níbi ìpàdé.

Akọ̀wé_Agric

Haa! Ti LCDA yẹn, mi ò ronú débẹ̀ rárá. Ẹ ṣeun, lọ́yà. Káfẹ̀, jọ̀ọ́ lọ ra kọ́kọ́rọ́.

Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ jẹ́ kí ará Ẹ̀pẹ́ náà sọ tiẹ̀, torí wọ́n ti gbé e dé ọjà tiwa. Ẹja ni ìyá mi ń tà, èmi ni mo ń bá wọn ṣèṣirò. Kílẹ̀ tó mọ́, ọkọ̀ ojú omi ti gúnlẹ̀, ọwọ́ àwọn ìyá ti wà nínú yìnyín àti ìpẹ́ ẹja, kò sẹ́ni tó lọ́wọ́ gbígbẹ tó máa fi tẹ fóònù. Ọmọkùnrin kan á wá dúró ti POS. "Màmá, káàdì." Wọ́n á nuwọ́ sára ìró, wọ́n á mú káàdì wá, ẹ̀rọ á máa yí, á máa yí, "declined". Wọ́n á tún fi sí i, ó wọlé. Alẹ́ tí wọ́n délé ni mo tó rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì lowó jáde. Ọmọkùnrin yẹn ní kí wọ́n lọ sí káńsù, káńsù ní kí wọ́n lọ sí báǹkì, báǹkì ní kí wọ́n kọ̀wé. Ìyá tí ò kàwé kẹ̀.

Síbẹ̀ ìyá mi ò fẹ́ kí wọ́n padà sí tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé o! Ẹ mọ̀dí ẹ̀? Tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń wá gbowó lóòjọ́ lè tó mẹ́ta, jákẹ́ẹ̀tì wọn ò jọra, oníkálukú ń já ìwé pélébé tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá lẹ́ ẹ ti san, wọ́n á ní "ìyẹn ò kàn wá". Báyìí nọ́ńbà kan ni ìyá mi ní, tí jákẹ́ẹ̀tì kankan bá yọjú, wọ́n á na fóònù sí i, wọ́n á ní kó lọ bá nọ́ńbà yẹn jà. Ohun tó sì bá wa tún un ṣe ni pé ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja lọ bá wọn jókòó, a ní a ò san án lójoojúmọ́ mọ́, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ la fẹ́ máa san án, alẹ́ Sunday, nínú ilé, èmi ni mo ń bá ìyá mi àti àwọn tí ìsọ̀ wọn sún mọ́ tiwọn tẹ̀ ẹ́. POS kúrò létí omi. Àǹtí, ẹ ní kí ìyálọ́jà fi ata sílẹ̀, kí wọ́n lọ dúnàádúrà ìgbà tí wọ́n fẹ́ máa san, kí wọ́n sì béèrè bí owó tó bá jáde lẹ́ẹ̀mejì ṣe máa padà, láàárín ọjọ́ mélòó, lọ́wọ́ ta ni.

Lọ́yà_Ebúté

Onijákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta yẹn, òfin Taxes and Levies ti 1998 ti to gbogbo owó tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dínà fún aráàlú torí àtigbowó orí. Ẹ ní kí wọ́n gbé gbogbo owó tí wọ́n ń gbà àti iye ẹ̀ sórí pọ́tà, kí wọ́n tún kọ ọ́ sára ògiri ọjà. Owó tí ò bá sí lára ògiri, a ò san án.

Mo_Wà_Ní_Kigali

Káfẹ̀_Sábó, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Rwanda, irú iṣẹ́ tó ò ń ṣe yẹn, ìjọba fọwọ́ sí i. Irembo lorúkọ pọ́tà wọn, láti 2015 ló ti wà, wọ́n sì gbà látìbẹ̀rẹ̀ pé gbogbo èèyàn kọ́ ló lè dá a ṣe, torí ẹ̀ ni wọ́n fi ní aṣojú kiri àwọn abúlé, wọ́n dá wọn mọ̀. Ẹ ní kí káńsù forúkọ àwọn oníkáfẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sọ iye tí wọ́n lè gbà, kí wọ́n sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìwé aráàlú. Ìyẹn sàn ju kí wọ́n díbọ́n pé wọn ò sí níbẹ̀.

Estonia tí gbogbo ayé fi ń ṣàpẹẹrẹ, orílẹ̀-èdè kékeré ni, èèyàn wọn ò tó mílíọ̀nù kan àbọ̀, láti 2001 ni wọ́n ti ní X-Road tó so àkọsílẹ̀ àwọn ọ́fíìsì ìjọba pọ̀. Tí ọ́fíìsì kan bá ti ní àdírẹ́sì ẹ, èkejì máa lọ gbà á níbẹ̀ ni, wọn kì í tún dà ẹ́ láàmú. Tiwa ńkọ́? Wọ́n á ní ká ṣe fọ́tókópì NIN, ká tún skáànù fọ́tókópì, ká wá gbé e sórí pọ́tà, nígbà tó jẹ́ pé nọ́ńbà 11 yẹn nìkan ti tó.

Ọmọ_Oríwu

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ló dáa, àmọ́ ká má lọ fi ìbéèrè pa iṣẹ́ yìí. Ká bi wọ́n, ká gbà wọ́n láyè kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Tá a bá ní kí gbogbo ẹ̀ pé kí wọ́n tó gbé e jáde, àwọn tó ń jẹun nídìí fáìlì tó ń sọnù ló máa kọ́kọ́ bá wa pàtẹ́wọ́.

Bàbá_Rẹ́jísírì

O jàre. Ẹ ní kí wọ́n fi pámíìtì ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń gbà á, àkọsílẹ̀ ẹ̀ ò pọ̀, àwọn tó sì ni ṣọ́ọ̀bù sábà máa ń ní fóònù. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bá ìyálọ́jà jókòó. Sátífíkéètì ọmọ ìbílẹ̀ gbẹ̀yìn, nígbà tí wọ́n bá ti tẹ ìwé ńlá wọlé tán.

Akọ̀wé_Agric

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín lẹ ṣeun. Mo máa fẹ́ dìde bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan níbi ìpàdé, àbí kí n kọ ọ́ sílẹ̀?

Bàbá_Rẹ́jísírì

Ẹ kọ ọ́ o! Ohun tẹ́ ẹ bá fẹnu sọ nípàdé, kì í wọ fáìlì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ẹ̀dà méjì lórí lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì CDA, kí alága àti ẹ̀yin akọ̀wé buwọ́ lù ú, ẹ gbé e lọ sí rẹ́jísírì kí ọjọ́ ìpàdé tó kò, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé ẹ̀dà tiyín, kí ọjọ́ wà lára òǹtẹ̀.

Akọ̀wé_Agric

Òǹtẹ̀ kẹ̀, Bàbá? Lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà? 😂

Bàbá_Rẹ́jísírì

Ohun tí wọ́n ń lò lónìí nìyẹn. Ẹ tètè dé bẹ̀, wọ́n máa ń ti rẹ́jísírì ní aago méjì.